Ọmọ Tí Ó Jókòó sí Ẹ̀bá Pápá

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọdọọdún ni a ń ṣe ìdíje eré ìdárayá láàárín ilé kan àti èkejì. Ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ náà. A ó fi ẹfun fa ìlà sórí pápá, a ó pa àtíbàbà fún àwọn àlejò, ilé aláwọ̀ pupa àti ilé aláwọ̀ ewé yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìlù yóò máa dún, ìyá àti bàbá yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá sáré jù yóò gba ife, orúkọ rẹ̀ yóò sì kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó dára ni èyí, n kò sì rí ẹni tí yóò sọ pé kí a pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá mú ojú kúrò lára àwọn tí ń sáré, tí ó sì ka àwọn tí ó jókòó sí ẹ̀bá pápá, yóò rí i pé àwọn tí ń wòran pọ̀ ju àwọn tí ń ṣeré lọ fíìfíì. Láàárín àwọn òǹwòran wọ̀nyí ni a ti ń rí ọmọ tí ó sanra, ọmọ tí ó rù, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, àti ọmọ tí bọ́ọ̀lù kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lé wọn kúrò lórí pápá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ti dá ara wọn lẹ́jọ́ pé eré kì í ṣe tiwọn.

Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí dá fún ara wọn kì í ṣe ẹjọ́ òdodo. Àwa àgbà, òbí àti olùkọ́ pọ̀, ni a fi ẹ̀rí èké síwájú wọn tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀. A sọ fún wọn, bí a kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́, pé àbímọ́ni ni eré, pé ẹni tí a kò bí i mọ́ kò lè ní i. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé kíkọ́ ni a ń kọ́ bí a ti ń lo ara, pé ohun tí ọmọ bá gbà gbọ́ nípa agbára rẹ̀ ni yóò pinnu bí yóò ti máa lo ara náà, àti pé ìwọ̀n ara ọmọ wà lára ohun tí yóò ti inú méjèèjì jáde.

Ohun tí mo ń pè ní ọgbọ́n ìlò ara ni mímọ̀ tí ènìyàn mọ bí a ti ń sáré, bí a ti ń fò, bí a ti ń ju nǹkan, bí a ti ń hán an lójú òfuurufú, bí a ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a, bí a ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró láìṣubú, àti bí ọwọ́ òun ojú ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí irun ti ń hù lórí ni ọgbọ́n yìí ti ń hù nínú ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara a máa dàgbà fúnra rẹ̀ bí ó bá rí oúnjẹ àti ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń lò ó ń fẹ́ olùkọ́, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lójoojúmọ́. Ẹ wo bí àwọn ọmọ méjì ti ń ju òkò. Ẹni tí a kò kọ́ yóò dúró gbagidi, yóò fi apá nìkan jù ú, òkò náà yóò sì bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù, bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń lò, yóò gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, yóò yí ìbàdí, yóò yí èjìká tẹ̀lé e, agbára gbogbo ara yóò sì gba apá kọjá sínú òkò náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ méjì wọ̀nyí jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, kí wọ́n ga bákan náà, kí wọ́n sì wúwo bákan náà. Ohun tí ó mú kí òkò ọ̀kan lọ jìnnà ni pé ó ti kọ́ ohun tí èkejì kò tíì kọ́.

Àwọn ìyá wa mọ òtítọ́ yìí kí a tó bí wa. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń wẹ ọmọ tuntun, kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ni ó ń wẹ̀ kúrò. Yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí ra ọmọ náà lára, yóò na apá rẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì gbé e sókè sódò. Nígbà tí ọmọ bá tó ìjókòó, a ó fi aṣọ wá a yíká kí ó má baà ṣubú. Nígbà tí ó bá tó ìrìn, a ó dì í lọ́wọ́ mú, a ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, a ó sì máa pè é kí ó máa bọ̀. Ẹ̀kọ́ pátápátá ni gbogbo èyí. Ní ọdún 1976, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Charles Super tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ-ọwọ́ láàárín àwọn Kipsigis ní orílẹ̀-èdè Kenya. Ó rí i pé wọ́n máa ń jókòó, wọ́n sì máa ń rìn, ṣáájú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Super wò ó fínnífínní, ó sì rí i pé ìjókòó àti ìrìn gan-an ni àwọn ìyá ibẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọmọ wọn. Nínú ohun tí wọn kì í kọ́ wọn, bí i rírá, àwọn ọmọ náà kò yá ju ẹlòmíràn lọ. Bí ìrìn tí gbogbo ènìyàn ń rìn bá lè gba ìkọ́ni báyìí, kí ni kí a wá sọ nípa jíju bọ́ọ̀lù àti fífo okùn?

Ní Ìlọrin, a kò ní láti lọ sí Kenya kí a tó rí ẹ̀rí. Ìlú yìí lókìkí nínú aṣọ òfì híhun, ìlú ẹlẹ́ṣin ni pẹ̀lú. Kò sí ahunṣọ tí ó bí ọmọ, tí ó sì retí pé kí ọmọ náà dédé jókòó sídìí òfì ní ọjọ́ kan kí ó sì hun aṣọ. Ọmọ yóò kọ́kọ́ máa ká òwú, yóò máa wo ọwọ́ àgbà, yóò gbìyànjú, òwú yóò já, a ó bá a so ó, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ yóò máa ju ọ̀kọ̀ òfì lọ sótùn-ún sósì, ẹsẹ̀ yóò máa tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ojú yóò sì máa ṣọ́ àwọ̀, láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń ronú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́. Bákan náà ni ti ẹni tí ń gun ẹṣin ní ìgbà ọdún Iléyá. Kò sí ẹni tí ń sọ fún ọmọ ahunṣọ tí òwú já mọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní pé kí ó lọ jókòó, pé òfì kì í ṣe tirẹ̀. Kí ni ó dé tí a fi ń sọ ọ́ fún ọmọ tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ lọ́wọ́?

Ní ayé àtijọ́, ojúde agbolé ni ilé-ẹ̀kọ́ ìlò ara. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ yóò tú jáde. Wọn yóò ṣe bojúbojú, èyí tí ń kọ́ ẹsẹ̀ ní sísá àti yíyà lójijì. Àwọn ọkùnrin yóò ja gídígbò, èyí tí ń kọ́ ara ní dídúró ṣinṣin nígbà tí ẹlòmíràn ń tì í. Àwọn obìnrin yóò ṣe tẹ́ń-tẹ́n, níbi tí àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bá orin mu láìtàsé. Wọn yóò fi ẹsẹ̀ kan tọ nínú suwé, wọn yóò sì ta òkòtó, èyí tí ń kọ́ ìka ọwọ́ ní ọgbọ́n kékeré tí ó wúlò fún kíkọ ìwé pàápàá. Ohun pàtàkì kan tún wà nínú àwọn eré wọ̀nyí. Àgbà àti kékeré ni ń ṣe é pọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò rí ẹ̀gbọ́n tí yóò kọ́ ọ, bí a bá sì lé e jáde ní alẹ́ yìí, yóò tún padà wọlé ní alẹ́ ọ̀la. Kò sí àtíbàbà àwọn àlejò, kò sì sí ife ẹ̀yẹ.

Ayé ti yí padà. Ojúde púpọ̀ ni a ti kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù sí. Ní àwọn àdúgbò tuntun bí Tánkẹ́ àti Adéwọlé, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ń gbé inú ọgbà tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí kò ní ju àgbàlá oníkankéré kan lọ, níbi tí àwọn ọmọ ti ń tò ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ, òun náà ni ń gbé wọn bọ̀. Bí wọ́n bá délé, ilé kéwú ń bẹ, ẹ̀kọ́ àkọ́kún ń bẹ, fóònù àti amóhùnmáwòrán sì ń dúró dè wọ́n. N kò bá òbí tí ó ti ìlẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ wí, nítorí ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, ayé sì le. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé olùkọ́ kan ti kúrò ní ilé wa, kò sì sí ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn ọkàn. Bí o bá bi ọmọ ọdún márùn-ún pé, ṣé o mọ eré sá, yóò dá ọ lóhùn pé òun ni òun mọ̀ ọ́n sá jù ní gbogbo ayé. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Ọmọdé kò tíì mọ bí a ti ń fi ara ẹni wé ẹlòmíràn dáadáa, nítorí náà ìgbìyànjú àti àṣeyọrí jọ ohun kan náà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kọjá ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ojú rẹ̀ a là. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tí ó ṣáájú òun àti ẹni tí òun ṣáájú. Susan Harter, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà kan jáde ní ọdún 1982 tí a fi ń mọ ohun tí ọmọ rò nípa agbára ara rẹ̀. Ó fi hàn pé ọmọ kì í ní èrò kan ṣoṣo nípa ara rẹ̀. Ó lè gbà pé òun mọ ìwé, pé òun ní ọ̀rẹ́, síbẹ̀ kí ó gbà pé òun kò wúlò lórí pápá. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe rò pé nítorí pé ọmọ kan ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí a bá ní kí ó fò.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ kékeré tí ó ṣubú yóò dìde, yóò sì tún sáré. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ṣe ẹlẹ́yà nígbàkigbà tí ó bá ṣubú, yóò di àgbà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀: yóò máa wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń wo ẹ̀yìn kò sì lè sáré.

Ní ọdún 2008, David Stodden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà so àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ara. Àlàyé wọn kò le. Ọmọ tí ó mọ bí a ti ń lo ara yóò gbà pé òun lè ṣe é. Nítorí ó gbà bẹ́ẹ̀, yóò máa jáde lọ ṣeré. Eré náà yóò mú kí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí i, kì yóò sì jẹ́ kí ara rẹ̀ wúwo jù. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbà pé òun kò lè ṣe é. Yóò fara pamọ́. Nítorí pé kì í ṣeré, ọgbọ́n náà kò ní í pọ̀, oúnjẹ tí ara kò lò yóò sì di ọ̀rá. Bí ara bá ti wúwo, eré yóò tún le sí i, ìtìjú yóò sì pọ̀ sí i. Báyìí ni ọ̀kan ń gòkè bí ẹni gun àkàsọ̀, tí èkejì sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé níbi tí àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ju kí a ti kọ́ ọ̀kan, kí a má sì tíì kọ́ èkejì.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀ràn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ. Ní ọdún 1990, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 19 ní gbogbo ayé, nǹkan bí 8 ni ara wọn wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2022, wọ́n ti di 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wọn ju mílíọ̀nù 390 lọ. Ìwádìí mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, tí a fi nọ́ńbà ọdún 2016 ṣe, kó orílẹ̀-èdè 146 jọ. Ó fi hàn pé 81 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà láàárín ọdún 11 sí 17 ni kì í lo ara wọn tó bí ó ti yẹ. Ti àwọn ọmọbìnrin burú ju ti ọkùnrin lọ: 85 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin. Ohun tí àjọ náà sì ń béèrè kò pọ̀: wákàtí kan ṣoṣo lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba, tí ọmọ yóò fi ṣe ohun tí yóò mú kí ó máa mí hẹlẹ kí òógùn sì bò ó.

Nínú ọ̀ràn sísanra, àṣìṣe méjì ni ó wà láàárín wa. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí wọ́n gbà pé ọmọ tí ó sanra ni ọmọ tí a tọ́jú. Ní ìgbà tí ìyàn máa ń mú, tí àìsàn sì ń pa ọmọ bí ẹni ń já ewé, a lè lóye èrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń kó bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ọmọ lójoojúmọ́ nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé òun rí jájẹ, kò ṣe ọmọ náà lóore. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í béèrè bóyá ìfẹ́ ni a fi bọ́ ènìyàn. Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà ni ẹlẹ́yà. A ó pe ọ̀kan ní orobo, a ó pe èkejì ní lẹ́pa, a ó sì rò pé àwàdà ni. Ọmọ tí a ń pè ní orobo ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́ kò ní í tìtorí rẹ̀ fẹ́ láti sáré. Ibi tí ojú kò ti ní í tó o ni yóò máa wá. Ẹni tí ó sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé kò lè sáré ni ó ń ti ìlẹ̀kùn pápá mọ́ ọn.

Kí a má ṣe gbàgbé ọmọ tí ó rù. Ebi ṣì wà ní ìlú wa. Ọmọ tí kò jẹun kánú kò ní agbára tí yóò fi fò, iṣan rẹ̀ kò sì lè le bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mìíràn sì wà tí ó ń kiri ọjà láti Òkèlele dé Ọjà Ọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rí àyè kọ́ jíjù tàbí híhán. Òun náà jókòó sí ẹ̀bá pápá. Nítorí náà, n kò sọ pé kí a fi òṣùwọ̀n wọn àwọn ọmọ kí a sì pín wọn sí rere àti búburú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́ gbogbo wọn.

Ní Ìlọrin, a fi orúkọ Rashidi Yekini sọ pápá ńlá tí ó wà ní ibùdó eré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọlá náà tọ́ sí i. Ọmọ ìdílé Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni. Ní ọdún 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá sínú àwọ̀n nínú Ife Àgbáyé, nígbà tí a bá Bọ̀lùgéríà ṣeré. Góòlù 37 ni ó gbá fún orílẹ̀-èdè wa kí ó tó fi eré sílẹ̀, ó sì di olóògbé ní ọdún 2012. Ó yẹ kí ọmọdé mọ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ni láti wá Yekini kan láàárín ẹgbẹ̀rún ọmọ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọmọ àti mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni a ti pa tì. A kì í kọ́ ìṣirò nítorí kí a lè rí ẹnìkan tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀. A ń kọ́ gbogbo ọmọ kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ wọn jẹ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ìlò ara rí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé ìdánwò ni ó ṣe pàtàkì, pé àkókò kò sí fún eré. Èmi yóò dá a lóhùn pé ọpọlọ kò gbé ibì kan lọ́tọ̀ kúrò lára ara. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, ó kà á mọ́ àǹfààní ìlò ara fún ọmọdé pé ó ń ran ìrònú àti ẹ̀kọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé kò yẹ kí ọmọbìnrin máa sáré kiri ní ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìbọ̀wọ̀ fún aṣọ àti ìwà ìtìjú dára, a sì lè pèsè àyè àti àkókò tí ó bá a mu fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà rántí hádíìsì tí Abu Dáwúdù kọ sílẹ̀, níbi tí Àíṣà, ìyàwó Ànábì, ti ròyìn pé òun bá Ànábì sáré, òun sì borí. Nígbà tí ara òun wá wúwo, tí àwọn tún sáré, Ànábì ni ó borí. Obìnrin sáré, ara rẹ̀ wúwo, ó tún sáré, kò sì sí ẹni tí ó fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹnìkẹta yóò sọ pé owó kò sí. Owó tí ó wọlé sórí àtíbàbà àti aṣọ ìdíje ní ọjọ́ kan lè tó fún odidi sáà. Bí ọgọ́ta ọmọ bá wà nínú kíláàsì kan, kí olùkọ́ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá, mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù àkísà kan, èyí tí àwọn fúnra wọn lè so. Kí wọ́n kọ́kọ́ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ iye tí ó hán sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí wọ́n tún ṣe é. Ẹni tí ó hán mẹ́ta ní ìjẹta, tí ó hán márùn-ún lónìí, ti borí, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn hán mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sún sẹ́yìn sí ìṣísẹ̀ márùn-ún. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọ̀gágun ẹgbẹ́ méjì máa ṣa àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi ku ẹnìkan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ìyà tí kò ṣẹ̀ fún ni ìyẹn. Kí ó má sì fi eré sísá jẹ ọmọ níyà, nítorí ohun tí a bá fi jẹ ènìyàn níyà kì í dùn mọ́ ọn mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, ọwọ́ yín ni apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà wà, kì í ṣe ọwọ́ olùkọ́ nìkan. Bí ìwọ bá mọ eré sá, mú ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ra, kí o sì kọ́ ọ bí ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ àbúrò ní ojúde. Bí ìwọ bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń jókòó, má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ara rẹ kò gbọ́ èdè eré. Bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé yín bí ojú bá ń tì ọ́. Fi ẹsẹ̀ kan dúró kí o sì kà á. Ju bọ́ọ̀lù àkísà lu ògiri, kí o sì hán an. Má ṣe fi ti ọ̀rẹ́ rẹ wọn tìrẹ. Fi tìrẹ àná wọn tòní. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ìwọ kò ní láti di ẹlẹ́sẹ̀ ehoro kí o tó ní ẹ̀tọ́ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Ara tí Ọlọ́run fún ọ, ìwọ ni yóò gbé ọ kiri títí di ọjọ́ ogbó. Ó sì tọ́ kí o mọ bí a ti ń lò ó nígbà tí ọjọ́ ṣì wà lówùúrọ̀.